Àlejò Tí A Kì Í Dárúkọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó rẹ̀ mí: inú ẹ̀jẹ̀ mi ni àìsàn náà wà, ṣùgbọ́n egungun mi ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn dókítà ní drépanocytose lorúkọ rẹ̀. Àwọn ẹbí wa tó wà lódìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tiwọn yẹn dùn mọ́ mi ju ti Faransé lọ, torí ó mọ ohun tó ń sọ. Lónìí mo lè máa rìn kí n máa rẹ́rìn-ín, kó tó di ọ̀la, itan mi á máa ro mí débi pé mi ò ní fẹ́ kí aṣọ pàápàá kàn án. Bí òjò bá pa mí, bí òùngbẹ bá gbẹ mí, bí mo bá gun òkè jù, bí mo bá ronú jù, ó dé nìyẹn. Nílé wa ní Pobè, a kì í dárúkọ rẹ̀ rárá. Àlejò là ń pè é. "Àlejò ti dé sọ́dọ̀ Prudence," ni ìyá mi máa ń wí, á sì lọ gbé omi kaná.

Èmi ni Prudence. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Sakété ni mo wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú irè oko kó má bàa bàjẹ́. Èmi àti Océane, ọmọ ìlú Aguidi kan tó ga tó sì lágbára, la jọ gba yàrá níbẹ̀. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń wọ takisí lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Pobè. Ó ń ṣe epo pupa lẹ́yìnkùlé, ó sì ń tà á.

Ilé alájà mẹ́ta ni ilé-ẹ̀kọ́ wa, àjà òkè pátápátá ni gbọ̀ngàn ìdánwò sì wà. Ẹnikẹ́ni kì í gbé omi wọ ibẹ̀, ẹni tó bá sì jáde ti jáde nìyẹn. Léṣìí, mo gun àtẹ̀gùn náà dé òkè, mo jókòó, mi ò tíì dáhùn ìbéèrè kejì tí àlejò fi dé. Océane ló fi ìdánwò tirẹ̀ sílẹ̀ tó gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n tún ọdún náà ṣe. Bí mo bá tún kùnà lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á yọ orúkọ mi, ọ̀rọ̀ ìwé mi á sì parí síbẹ̀.

Òfin kan sì wà o. Òfin yẹn ní akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní àìlera lè ṣe ìdánwò nísàlẹ̀, kó gbé omi dání, kó jáde kó tún wọlé, kí wọ́n sì fi àkókò kún àkókò rẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ náà ni òfin yìí ti wà, kò sí ẹni tó sọ ọ́ létí mi. Océane ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan tó ń lo ọ̀pá ìtìlẹ́yìn. Ìwé dókítà ni wọ́n ń béèrè, àti ìbuwọ́lù ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Òun ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Mo gba ìwé dókítà. Ó wá ku ìbuwọ́lù.

Ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé yẹn, Zacharie lorúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, Ṣẹ́ẹ̀fù ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ Àìkú, Alàgbà Zacharie ni, torí ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Pobè, ìjọ aláṣọ funfun, níbi tí ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Òun ló máa ń darí ètò ìdúpẹ́.

Mo kan ilẹ̀kùn bùrọ́ọ̀ rẹ̀, mo wọlé, orúnkún mi sì ṣe ohun tó máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa." Ká ní mo dúró gbọnrangandan, kí n ní, "Bonjour, Ṣẹ́ẹ̀fù," bóyá òǹtẹ̀ ì bá ti balẹ̀ kó tó gbójú sókè. Ọmọ ìjọ ló kúnlẹ̀, Alàgbà ló sì dá a lóhùn.

"Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù," ó ní. Ó ka ìwé náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. "Prudence, kí lèyí?"

"Ìwé dọ́tọ̀ ni, Alàgbà."

"Mo rí i pé ti dọ́tọ̀ ni. Àmọ́ ìyá rẹ ti jẹ́rìí. Èmi ni mo gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu."

Òótọ́ ni. Kí ó tó di ìdánwò tí mo kùnà yẹn, àlejò kò yà sọ́dọ̀ wa fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí ìkórè dé, ìyá mi wọ sùtánà rẹ̀, ó bọ́ síwájú ìjọ, ó sì ké pé, "Ọmọ mi ti sàn! Àìsàn náà ti lọ, kò ní padà wá mọ́!" Wọ́n lu agogo, wọ́n jó. Èmi náà jó, ijó ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àlejò padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má bá mi bínú sí ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Israël, kú kí n tó mọ ìwé kà. Ibà ni wọ́n ní ó pa á. Láti ìgbà yẹn, bí ìyá mi bá ń kọjá, àwọn obìnrin àdúgbò á mi orí, wọ́n á sì máa wo èmi tí mo gbẹ bí igi ìdáná lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń wo èyí tó kàn. Ẹ̀rí yẹn ló tún ayé rẹ̀ ṣe. Àwọn obìnrin yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn tí ara rẹ̀ ò yá wá bá a pé kó gbọ́wọ́ lé e. Ẹni tí wọ́n ń ṣàánú fún di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Nígbà tí àlejò wá dé bá mi ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ibà náà la tún sọ pé ó ṣe mí. Ibà kúkú gba gbogbo ẹ̀sùn, kì í wá jẹ́jọ́.

Alàgbà Zacharie gbé ìwé mi sílẹ̀ bí ẹni gbé ohun gbígbóná. "Èmi fúnra mi ni mo ròyìn ẹ̀rí yẹn fún ọ̀gá àgbà. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni, mo ní mo fojú mi rí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ìwé yìí wọlé tọ̀ ọ́ báyìí?"

"Alàgbà, ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí, ìdánwò ni."

"Ṣé Ọlọ́run tó wà níbẹ̀ ò sí níbí ni?" Ó mí kanlẹ̀. "Jẹ́ kí ìyá rẹ wá. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni màá buwọ́ lù ú."

Ó wù mí kó jẹ́ èèyàn burúkú. Èèyàn burúkú ṣeé bú. Èyí tún fi bisikíìtì lé mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń lọ.

* * *

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá ìyá mi nídìí iná lẹ́yìnkùlé. Epo ń hó, ó sì ń fi ìgbakọ bu èyí tó léfòó sínú agbada. Mo jókòó sórí odó tó dojú bolẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ó ní kí n wá ṣe kí ni?" ó bi mí.

"Kí ẹ wá sọ pé àlejò ò tíì lọ."

Ó tún bu epo. "Mo ti dúpẹ́," ó ní.

"Màmá, ẹ gbọ́ ná."

"Mo ní mo ti dúpẹ́, Prudence. A kì í gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Ó ti fọ́ látèṣí, Màmá. Orí àjà òkè ló ti fọ́. Océane ló ṣà á."

Ó ti igi wọnú iná. Ó wá ní, "Ṣé o ò lè máa rọra gun àtẹ̀gùn náà ni? Kí o máa sinmi lọ́nà?"

Ohun tó ń rẹ̀ mí jù láyé mi kì í ṣe ìrora. Ìrora máa ń dé, á sì lọ. Àlàyé ni kì í lọ. Mo ṣàlàyé fún olùkọ́, mo ṣàlàyé fún onílé, mo ṣàlàyé fún ọlọ́kadà tó ní kí ni mo ń sáré òjò fún, ṣé iyọ̀ ni mí. Ìyá tó bí mi, tó ń gbé omi gbígbóná fún mi láti kékeré, òun náà ló tún wá ń bi mí bóyá mi ò lè rọra gùn ún. Ó sú mi. Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀.

"Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ kí èmi kú, kí ẹ̀rí yín lè yè."

Ìgbakọ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú mi, kò sì gbá mi létí. Ká ní ó gbá mi létí ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ó kan fa igi iná sẹ́yìn, ó dé ìkòkò, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúró títí, kò jáde. Nígbà tó yá, mo gbé àpò mi, mo wọ takisí padà sí Sakété. Láti Pobè títí a fi kọjá Ita-Djèbou, ojú fèrèsé ni mo kọjú sí, kí ẹni tó jókòó tì mí má bàa bi mí pé kí ló dé.

* * *

Òjò ló jí wa lọ́jọ́ ìdánwò. Mo wọ súwẹ́tà méjì léra wọn, mo mumi títí inú mi fi ń ró. Océane gbé àpò mi kọ́ èjìká.

"Gbọ́," ó ní, "má wulẹ̀ to ìbéèrè náà tẹ̀ léra. Kọ́kọ́ dáhùn èyí tí máàkì rẹ̀ pọ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú."

Bí Océane ṣe ń ṣàánú èèyàn nìyẹn. A dé ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń gun òkè lọ gìrìgìrì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, mò ń sinmi nígbà tí mi ò tíì gun ohunkóhun. Océane ní kí n jẹ́ kí òun pọ̀n mí. Mo ní kó máa lọ, kó má tún tìtorí mi pẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá gun ibẹ̀ nínú òtútù yìí, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ léṣìí ló tún máa ṣẹlẹ̀, àti pé lẹ́yìn ìyẹn, epo ni èmi náà á máa ṣe ní Pobè títí ayé mi. Epo ṣíṣe kò burú. Ara mi ni kò lè ṣe é.

Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí ni mo rí ohun funfun kan tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Sùtánà ni. Òjò ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ lára, ẹrẹ̀ pupa ti gùn ún dé orúnkún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà fún un lọ́nà, wọ́n ń wò ó, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ni.

"Màmá! Lójú òjò? Bàtà yín dà?"

"Ṣé o ò rí i pé mo wọ sùtánà ni?" ó ní, bí ẹni pé mo béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. "Bùrọ́ọ̀ Alàgbà dà?"

Mo mú un lọ. Alàgbà Zacharie fò dìde. "Ìyá Prudence! Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ìyá mi kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, omi ń ro tótó láti etí aṣọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn.

"Aṣọ tí mo fi jẹ́rìí ni mo wọ̀ wá," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn, Alàgbà, ẹ gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu. Kò sí i lónìí, ẹ jọ̀ọ́, màá pariwo díẹ̀."

"Ìyá Prudence, kò tíì dé ibẹ̀ yẹn."

"Ó ti dé ibẹ̀. Ọmọ mi ní drépanocytose."

Ó pè é délẹ̀délẹ̀, kò fo ohunkóhun. Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi kò lọ sí ilé ìwé. Faransé tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń ná ọjà lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé. Àwọn tó wà ní fàráńdà ń gbọ́.

"Òun náà ló pa Israël," ó ní. "Èmi ni mo sọ pé ibà ni. Dọ́tọ̀ ti sọ orúkọ àìsàn náà fún mi kí Israël tó kú, ó ní kí n sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ojú tì mí. Mo ní kí Israël má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sáré ìje nílé ìwé, wọ́n ní kó sáré, ó sì sáré. Kò sọ fún wọn. Ọmọ tó gbọ́ràn ni."

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Mo di etí tábìlì mú.

"Nígbà tí mo jẹ́rìí, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, Alàgbà. Àìsàn náà fi Prudence sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ó wù mí kó jẹ́ pé ó ti tán, mo bá sọ pé ó ti tán. Kò tán. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tán. Bí ìjọ bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Alàgbà Zacharie fa ìwé mi jáde láti abẹ́ àwọn ìwé yòókù, ó buwọ́ lù ú, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e jáde sínú òjò, láìmú agbòjò. Mi ò mọ ohun tó sọ fún ọ̀gá àgbà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá kan nísàlẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó padà. Kò lè wo ojú ìyá mi. Ìyá mi náà kò wo tirẹ̀.

* * *

Yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí ni wọ́n fún mi. Madame Félicité, olùkọ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ló wá ń ṣọ́ mi, ó sì ń já ara rẹ̀ léèékánná kó má bàa sùn. Wọ́n gbé ìgò omi síwájú mi. Mo ń kọ, mo ń dúró de àlejò. Mo dáhùn ìbéèrè kìíní, mo ń dúró. Mo dáhùn èkejì. Mo na ẹsẹ̀, mo ká a. Kò sí nǹkan. Àlejò tó ń yà sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ tí mi ò fẹ́ ẹ, lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn fún un, kò wá.

Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè tán kí agogo tó lù fún àwọn ará òkè. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń já bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Madame Félicité wò mí, ó ní bí mo bá ti parí, mo lè dá ìwé padà, pé àkókò tí wọ́n fi kún un kì í ṣe dandan.

Mo wo ojú fèrèsé. Ìyá mi jókòó sí etí fàráńdà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ sùtánà tó tutù. Mo ro ti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ibi tó máa jókòó sí, àti àwọn obìnrin tí kò ní gbé ọmọ wá bá a mọ́. Gbogbo èyí tó fi sílẹ̀, ọjọ́ tí egungun mi ò dùn mí ló fi í sílẹ̀ fún! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi sórí ìwé. Mo nù ún kúrò. Mo ní, "Ẹ má bínú, Madame, mi ò tíì parí," mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń ka ohun tí mo ti kọ ní àkàtúnkà, títí gbogbo àkókò tí wọ́n fún mi fi tán pátápátá.

Nígbà tí mo jáde, ó rọra dìde, ó di òpó mú.

"Ṣé àlejò dé?"

"Kò dé, Màmá."

Ó di ojú. Ẹnu rẹ̀ là láti dúpẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó wá pa á dé. Òjò ti dín kù, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tutù wà níwájú wa títí dé ọ̀nà ibi tí a ti máa wọ takisí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti hunjọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ bàtà mi, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ wọ̀ ọ́, Màmá. Á yé Ọlọ́run."

Ìyá mi fi igbe bọnu débi pé gbogbo àwọn tó sá sábẹ́ òrùlé, títí kan Alàgbà Zacharie tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bùrọ́ọ̀ rẹ̀, ló yíjú sí wa.

"Prudence! Wọ bàtà rẹ kíá! Nínú òtútù yìí? Ṣé o ò mọ̀ pé o ní drépanocytose ni?"

Mo wọ bàtà mi.